Mo Ní Kí Ìyá Mi Má Sọ Yorùbá sí Mi Mọ́

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́ kí n tó rí ibi sá sí. Èmi tí mò ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí ni mo pa ìyá mi lẹ́nu mọ́. Mi ò lù ú, mi ò jà á lólè, mi ò bú u. Ohun tí mo ṣe burú ju èébú lọ, àwọn èèyàn sì ń yìn mí nígbà tí mò ń ṣe é.

Alágbàfọ̀ ni màámi. Bàbá mi ti kú láti kékeré mi, àwa méjèèjì la jọ ń gbé. Yàrá kan la fi ń sùn, yàrá iwájú tó kọjú sí títì sì ni tábìlì aṣọ lílọ̀ wà. Láti àárọ̀ ni áyọ́ọ̀nù ti máa ń gbóná níbẹ̀, òórùn sítáàṣì á sì gba gbogbo ilé kan. Ẹnu màámi kì í dákẹ́. Oníbàárà tó bá gbé ṣẹ́ẹ̀tì kan wá á gbọ́ ìròyìn àdúgbò, á gbọ́ àdúrà, á sì tún gbọ́ èébú díẹ̀ lé e.

"Wo kọ́là ṣẹ́ẹ̀tì yìí. Ṣé ọrùn rẹ lo fi ń nulẹ̀ ni?"

Wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á tún wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Mo rò pé ẹnu rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wọn ń bá wá, kì í ṣe aṣọ.

Lọ́yà ló ń pe èmi, torí pé ẹnu tèmi náà kò gbélẹ̀. A máa ń takora láti ìdí tábìlì dé orí ibùsùn, lórí ohun tí kò tó nǹkan: ta ló gbàgbé láti ti fèrèsé, ta ló gbé ìgbálẹ̀ síbi tí kò yẹ. Bí mo bá fẹ́ borí, á ní, "Lọ́yà, ilé ẹjọ́ ti parí, lọ gbóúnjẹ wá." Bí a ṣe ń gbé nìyẹn, mi ò sì mọ̀ pé ìgbádùn ni.

Nígbà tí yunifásítì kan ní Ọsirélíà gbà mí pé kí n wá kọ́ bí wọ́n ṣe ń sọ omi ìdọ̀tí di èyí tó ṣeé mu, màámi jó yí tábìlì ká.

"Ọsirélíà yẹn, ṣé ibẹ̀ kọ́ ni ẹranko tó ń gbé ọmọ sínú àpò ikùn wà?"

"Ibẹ̀ ni, màámi."

"Àwọn ìyá ibẹ̀ gbọ́n nìyẹn. Ẹ̀yìn lèmi pọ̀n ọ́ sí. Ibi tí ojú mi ò tó ọ ni o ti kọ́ gbogbo ìranù ọwọ́ rẹ yìí."

Ohun kan ṣoṣo ló kù: ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì. Mo yege níbi kíkà, mo yege níbi kíkọ, ibi sísọ ni mo ti ṣubú. Obìnrin tó ń dán mi wò ní kí n sọ̀rọ̀ nípa ẹnì kan tó kọ́ mi lọ́gbọ́n. Mo mú màámi. Àmọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀ ní Yorùbá ló wà lórí mi. Bí mo ṣe ń wá bí wọ́n ṣe máa ń sọ ọ́ ní òyìnbó ni mò ń kọsẹ̀, títí tí mo fi dákẹ́ láàárín ọ̀rọ̀. Èmi Lọ́yà dákẹ́. Obìnrin náà rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní ó ti tó.

Yunifásítì náà ní wọ́n á dúró dè mí kí n tún un ṣe lẹ́ẹ̀kan sí i. Bí mo bá tún kùnà, wọ́n á fi àyè mi fún ẹlòmíràn. Ọ̀rọ̀ náà ò jẹ́ kí n sùn. Bí mo ṣe di ẹni tó ń lọ sọ́dọ̀ Kóòṣì nìyẹn.

Kóòṣì ni gbogbo wa ń pe ọkùnrin tó ń múra àwọn èèyàn sílẹ̀ fún ìdánwò náà, ní yàrá kan lókè ilé ìta oògùn. Bó ti wù kí ooru mú tó, táì kì í kúrò lọ́rùn rẹ̀. Ó ní kí n sọ̀rọ̀, mo sọ̀rọ̀. Kò jẹ́ kí n parí.

"Èdè wo lo fi ń ronú?"

Mo ya ẹnu láti fèsì, ó gbọ́wọ́ sókè.

"Mo mọ̀. Yorùbá ló ń fà ọ́ lẹ́sẹ̀. Èdè méjì ò lè jókòó sórí àga kan. Lé ọ̀kan dìde títí o fi máa ṣe ìdánwò. Má sọ ọ́, má gbọ́ ọ."

"Bí wọ́n bá sọ ọ́ sí mi nílé ńkọ́, sà?"

"Ṣe bí ẹni pé o ò gbọ́. Ẹni tó wà níbí ṣáájú rẹ ṣe bẹ́ẹ̀, ó ti wà ní Ọsirélíà báyìí, ó ń fi fọ́tò ránṣẹ́."

Ojú ọ̀nà ni mo ti ń fi fọ́tò ránṣẹ́ nínú ọkàn mi. Bí mo ṣe wọlé, mi ò tíì bọ́ bàtà tí mo ti bẹ̀rẹ̀.

"Màámi, láti ọ̀la lọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ Yorùbá sí mi mọ́ títí mo fi máa ṣe ìdánwò mi."

Ó rò pé àwàdà ni. "Kí ni kí n wá máa sọ? Ṣé kí n máa gbó ni?"

"Òyìnbó."

"Lọ́yà, òyìnbó tí mo gbọ́ ò kún ṣíbí."

"Ẹ máa fọwọ́ júwe nígbà náà. Bí ẹ bá sọ Yorùbá, mi ò ní dá yín lóhùn. Ẹ má bínú o. Ọsirélíà là ń sọ yìí."

Ó gbé áyọ́ọ̀nù nàró. Ó wò mí bí ìgbà tó ń wo àbàwọ́n tí kò mọ̀ bóyá ó máa jáde lára aṣọ. "Ṣé ìyẹn ló máa gbé ọ débẹ̀?"

"Òun ni, màámi."

"Ó dáa. Mi ò ní jẹ́ ẹni tó dí ọmọ rẹ̀ lọ́nà. Mo ti panu mọ́."

Ní ìbẹ̀rẹ̀, ẹ̀rín ni. Ó fẹ́ ní kí n bu iyọ̀ wá, ó ń fi ìka méjì wọ́n afẹ́fẹ́. Ó fẹ́ sọ fún mi pé onílé wá, ó fi ọwọ́ wọn ikùn onílé fún mi, a rẹ́rìn-ín títí tí omi fi bọ́ lójú wa. Àntí mi, àbúrò màámi, onídìrí tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ò jìnnà sí wa, wọlé bá wa lórí ẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ yín ti ya wèrè. Ẹ wá gbé e lọ gba ìtọ́jú."

"Fi í sílẹ̀. Ìgbà díẹ̀ ni. Bó bá ti ṣe ìdánwò tán, á tún gbọ́ Yorùbá títí á fi sú u."

Àntí mi yíjú sí mi. "Òyìnbó aláwọ̀ dúdú, ṣé o gbọ́ ohun tí mo sọ?" Mo gbọ́. Mi ò dá a lóhùn. Ó ṣe ṣìọ̀, ó bá tirẹ̀ lọ.

Ibi tó ti ń dunni nìyí, mi ò sì ní parọ́ fún yín. Ó dùn mọ́ mi. Ilé dákẹ́ rọ́rọ́ bíi ti àwọn tó lówó. Mo ń bá dígí sọ òyìnbó, mo ń bá rédíò sọ ọ́. Mo ń sọ ọ́ sí àwọn oníbàárà, wọ́n á sì ní, "Ẹ wo bó ṣe ń yọ́ lẹ́nu rẹ̀." Ẹnì kan bi màámi pé ta ló bí òyìnbó yìí. Ó fi ìka kan àyà ara rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín, kò sọ̀rọ̀, torí pé mo wà níbẹ̀.

Ohun mìíràn tún wà. Tẹ́lẹ̀, màámi a máa ráhùn: ẹsẹ̀ ń ro mí, oníbàárà báyìí ò tíì sanwó, o ò jẹun dáadáa. Ó ti sú mi kí Kóòṣì tó dá sí i. Kóòṣì kàn fún mi ní ìdí tí mi ò fi ní máa gbọ́ ọ ni. Mo fi Ọsirélíà bojú, mo sinmi lọ́wọ́ ìyá mi.

Lọ́jọ́ kan mò ń kàwé lórí ibùsùn, ó yọjú láti yàrá iwájú, ọwọ́ rẹ̀ wà lórí.

"Lọ́yà, orí yìí ò jẹ́ kí n..."

Mo gbé ìka sókè. Mo fi òyìnbó sọ pé mi ò gbọ́ ohun tó ń sọ. Ó nawọ́ sí orí rẹ̀, ó ká ojú kò bí ẹni tí nǹkan ń dùn. Mo nawọ́ sí àpótí tí oògùn wà. Ó lọ lò ó, ó padà sídìí áyọ́ọ̀nù.

Ìgbà kejì, mò ń gba ohùn ara mi sílẹ̀ lórí fóònù. Ó wọlé wá, ó dúró níwájú mi, kò júwe nǹkan kan. Ó kàn sọ ọ́ jáde.

"Ọmọ mi, ọwọ́ ọ̀tún mi yìí ń kú mọ́ mi lára. Áyọ́ọ̀nù já bọ́ lọ́wọ́ mi lẹ́ẹ̀kan. Orí ò sì yé fọ́ mi."

Mo gbọ́ ọ. Ẹ má jẹ́ kí n tàn yín jẹ. Yorùbá ni, èdè tó fi bí mi, báwo ni mi ò ṣe ní gbọ́? Mo gbọ́ gbogbo rẹ̀ láti orí dé ìdí. Inú bí mi pé ó ba ohun tí mò ń gbà sílẹ̀ jẹ́. Mo fi òyìnbó sọ fún un pé kó sọ ọ́ ní òyìnbó.

Ó ya ẹnu. Ó ya ẹnu lẹ́ẹ̀kejì, ó pa á dé, ó jáde.

Mo sọ ọ́ fún Kóòṣì lọ́jọ́ kejì bí ìtàn akọni. Ó ní kí gbogbo kíláàsì pàtẹ́wọ́ fún mi. Wọ́n pàtẹ́wọ́, mo tẹríba bí òṣèré.

Lẹ́yìn ìyẹn ni màámi bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sọ́dọ̀ Bàbá Tíṣà nírọ̀lẹ́. Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni Bàbá Tíṣà, ògiri kan ló pààlà sáàárín wa. Mo rò pé ó ń lọ fi ọ̀rọ̀ tí mi ò jẹ́ kó sọ nílé tẹ́ ara rẹ̀ lọ́rùn ni. Ó rọ̀ mí lọ́rùn bẹ́ẹ̀. Mo ní ó dáa bó ṣe rí ẹni bá sọ̀rọ̀.

Ọjọ́ ìdánwò pé. Ó ti fọ aṣọ mi, ó ti lọ̀ ọ́, ó gbé e kọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Mo múra, mo ń wá bàtà mi lábẹ́ tábìlì, màámi dúró sídìí iṣẹ́ rẹ̀. Ó pè mí. Kì í ṣe Lọ́yà ló jáde lẹ́nu rẹ̀. Nǹkan kan tó wúwo ni, tó ń lọ́, tí kò lórí tí kò nídìí.

Mo gbójú sókè. Ẹ̀gbẹ́ ẹnu rẹ̀ kan wọ́ sílẹ̀ díẹ̀. Ó tún un sọ.

Mo rẹ́rìn-ín. Ẹ̀yin èèyàn, mo rẹ́rìn-ín. Mo rò pé òyìnbó ni màámi ń gbìyànjú láti fi súre fún mi. Mo rò pé ó ń ká ẹnu kò bí gbogbo wa ṣe máa ń ká a kò ní kíláàsì Kóòṣì ká lè dún bí òyìnbó. Mo fi òyìnbó kí i pé ó ṣeun, ó gbìyànjú. Ó di apá aṣọ mi mú. Mo rọra yọ ọwọ́ rẹ̀ kúrò, torí pé mi ò fẹ́ kí aṣọ náà rún. Mo jáde.

Ọkùnrin tó dán mi wò lọ́tẹ̀ yìí ní kí n sọ̀rọ̀ nípa ilé kan tó wù mí. Mo sọ nípa ilé gíga onígíláàsì kan. Ọ̀rọ̀ ń tẹ̀ lé ọ̀rọ̀. Yorùbá ò tiẹ̀ yọjú sí mi lọ́kàn. Nígbà tí mo parí, ó ní mo gbọ́ òyìnbó dáadáa, pé ta ló kọ́ mi. Mo ní èmi ni mo kọ́ ara mi.

Mo tan fóònù mi nígbà tí mo jáde. Àntí mi ti pè mí láìmọye ìgbà. Mo pè é padà.

"Máa bọ̀ ní ọsibítù," ó ní. "Oníbàárà ló bá ìyá rẹ nílẹ̀. Áyọ́ọ̀nù ti jó aṣọ dé tábìlì."

Mi ò rántí ọkọ̀ tó gbé mi débẹ̀. Mo rántí bẹ́ǹṣì gígùn kan lẹ́nu yàrá pàjáwìrì, àntí mi tó dúró tì í, àti Bàbá Tíṣà tó jókòó síbẹ̀ pẹ̀lú sálúbàtà inú ilé lẹ́sẹ̀. Dókítà obìnrin kan jáde wá. Kò lo ìṣẹ́jú lórí ìkíni.

"Ta ló rí màámà gbẹ̀yìn kí wọ́n tó ṣubú?"

"Èmi ni."

"Ẹ gbọ́ mi dáadáa. Rọpárọsẹ̀ ni. A ti yàwòrán orí wọn. Ẹ̀jẹ̀ ló dì síbì kan nínú ọpọlọ. Oògùn kan wà tó lè tú u, àmọ́ ó ní àkókò tirẹ̀. Bí ara wọn bá dá nígbà tẹ́ ẹ jáde nílé, a ṣì lè lò ó. Bó bá ti bẹ̀rẹ̀ ṣáájú ìyẹn, oògùn náà lè mú kí ẹ̀jẹ̀ máa dà nínú orí wọn, wọ́n sì lè bá a lọ. Báwo ni ẹnu wọn ṣe rí nígbà tẹ́ ẹ jáde? Ṣé wọ́n ń sọ̀rọ̀ dáadáa?"

Gbogbo wọn ń wò mí. Ojú tì mí. Ojú tì mí ju bí ẹ̀rù ṣe bà mí lọ, ìyẹn ni ohun tí mi ò lè dárí ji ara mi fún.

"Wọ́n ń sọ̀rọ̀ dáadáa," mo ní.

"Ṣé wọ́n ti ń ráhùn orí fífọ́ tẹ́lẹ̀? Tàbí kí ọwọ́ máa kú?"

"Wọn ò sọ fún mi."

Bàbá Tíṣà ṣí fìlà rẹ̀. Ohùn rẹ̀ ò le rárá. Ìyàlẹ́nu lásán ló wà nínú rẹ̀.

"Ọmọ mi, kò tíì sọ fún ọ? Àbí kò tíì mọ́ ọn lẹ́nu ni?"

"Kí ni, Bàbá?" Àntí mi ló bi í.

"Ó wá bá mi pé kí n kọ́ òun bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ ní òyìnbó pé orí ń fọ́ òun, pé ọwọ́ òun ń kú. Gbogbo ìrọ̀lẹ́ la fi ń kọ́ ọ. Mo ní, màámà, ẹ kúkú lọ sí ọsibítù. Ó ní òun fẹ́ kọ́kọ́ sọ fún ọmọ òun ná, pé ọmọ òun ló máa ń ṣe ẹnu òun níwájú dókítà. Mo rò pé eré ni ìwọ àti ìyá rẹ ń bá ara yín ṣe. Mo ń fi í rẹ́rìn-ín pé ahọ́n rẹ̀ le. Èmi náà ò gbọ́n."

Àntí mi yíjú sí mi díẹ̀díẹ̀. "Ó sọ fún ọ tàbí kò sọ fún ọ?"

"Ó sọ ọ́ ní Yorùbá," mo ní.

Dókítà ṣì dúró. Nọ́ọ̀sì kan yọjú, ó bi í pé ṣé kí àwọn máa gbé oògùn náà bọ̀. Ìgbà yẹn ló wá yé mi pé irọ́ mi ń rìn lọ sínú iṣan ìyá mi.

"Ẹ dúró," mo ní. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró. Kò dáa. Kò dáa nígbà tí mo jáde. Ẹnu rẹ̀ ti wọ́. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ò já geere."

"Ẹ rí i?" Dókítà súnmọ́ mi. "Ẹ rí i, ẹ sì jáde?"

"Mo rò pé òyìnbó ló ń sọ."

Dókítà mi orí sí nọ́ọ̀sì náà, nọ́ọ̀sì padà wọlé. "A ò ní lè lò ó mọ́ nìyẹn," ó ní. "A máa ṣe ìyókù tí apá wa ká." Ó wọlé tẹ̀ lé e.

Àntí mi ò gbá mi létí. Mo fẹ́ kó gbá mi. Ohun tó bi mí ni pé, "Kí lo sọ fún un?"

"Mo ní ó ṣeun."

"Ní èdè wo?"

Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbi tó dúró sí, ó ká ọwọ́ lé orí. Bàbá Tíṣà ń sọ pé ká má sunkún, òun náà sì ń sunkún.

Màámi ò kú. Ẹsẹ̀ rẹ̀ padà ṣiṣẹ́ díẹ̀, ọwọ́ ọ̀tún ò padà, ẹnu ò padà. Wọ́n gbé e wálé. Àntí mi kó ẹrù rẹ̀ wá sọ́dọ̀ wa. Fún ọjọ́ púpọ̀, ọ̀rọ̀ tó bá ní pẹ̀lú mi kì í ju "mú u" àti "gbé e" lọ. Yàrá iwájú tutù. Àwọn oníbàárà ń wá gba aṣọ wọn, wọ́n á dúró lẹ́nu ọ̀nà bí ẹni pé wọ́n ń retí kí ẹnì kan bú wọn.

Èsì ìdánwò jáde. Mo yege, ibi sísọ ni mo ti gba máàkì tó pọ̀ jù. Kóòṣì pè mí, ó ń fi òyìnbó yọ̀ mọ́ mi. Mo fi Yorùbá dá a lóhùn pé mo dúpẹ́, mo sì gé fóònù.

Obìnrin kan wà ní ọsibítù tó jẹ́ pé iṣẹ́ rẹ̀ ni kó kọ́ irú àwọn aláìsàn bẹ́ẹ̀ ní ọ̀rọ̀ sísọ. Ó ní kí n máa bá màámi sọ̀rọ̀, kí n má dákẹ́, àti pé èdè tó ti ń sọ láti kékeré ni kí n fi bá a sọ ọ́. Èmi ló sọ èyí fún. Mo kàn ní ẹ ṣeun, mà.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Láti àárọ̀ dé alẹ́ ni mò ń rojọ́. Mo ròyìn àdúgbò fún un, mo bú àwọn oníbàárà tí kọ́là wọn dọ̀tí, mo bá a jà lórí fèrèsé tí ẹnikẹ́ni ò ṣí. Mo bẹ̀ ẹ́. Mo tún ẹ̀bẹ̀ náà bẹ̀. Ó ń wò mí. Bí ẹ bá mọ bó ṣe máa ń rí kí ẹnu ẹni dá wà nínú ilé, ẹ ó mọ ohun tí mo fi jẹ ẹ́ níyà.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mò ń nu ojú rẹ̀, mo bi í bóyá omi náà gbóná jù.

"Yẹ́s," màámi wí.

Aṣọ tí mo fi ń nu ojú rẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ mi. Mo pariwo pe àntí mi. Ó sáré wọlé, ó kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ẹ mọ̀ mí?"

"Yẹ́s."

A dì mọ́ra, èmi àti àntí mi, fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà ọsibítù. Ó tún bi í, "Ṣé kì í ṣe èmi ni mo jí aṣọ yín wọ̀ lọ́jọ́ ìgbéyàwó mi?"

"Yẹ́s."

Àntí mi ń rẹ́rìn-ín, ó tún bi í ní ìdàkejì rẹ̀, ìdáhùn kan náà jáde. Ẹ̀rín ojú rẹ̀ wá ń lọ díẹ̀díẹ̀.

A sọ fún obìnrin tó ń kọ́ni lọ́rọ̀ sísọ. Ó ní ó máa ń ṣẹlẹ̀ bẹ́ẹ̀, pé ọ̀rọ̀ kan lè ṣẹ́ kù lẹ́nu èèyàn tí ìyókù bá ti lọ, kì í sì í ṣe ẹni náà ló ń yàn án. Ó ní ká má kà á sí ìdáhùn, torí pé òun ni màámi á máa sọ sí gbogbo nǹkan. Bóyá òmíràn á tẹ̀ lé e lọ́jọ́ iwájú, bóyá kò ní tẹ̀ lé e.

Nígbà tí a délé, àntí mi gbé báàgì rẹ̀ sílẹ̀. Ó wá sọ ọ́, kò tiẹ̀ wo ojú mi. "Nínú gbogbo Yorùbá tó kún ẹnu ẹ̀gbọ́n mi, òyìnbó ló ṣẹ́ kù."

Físà mi ti jáde báyìí. Yunifásítì ti fún mi ní sáà tó ń bọ̀, kò sì sí òmíràn lẹ́yìn rẹ̀. Àntí mi ní kí n máa lọ, pé bí mo bá jókòó sílé, ṣé ìyẹn ló máa là á lóhùn. Bàbá Tíṣà ní ọmọ tó lọ báyìí ò lọ ire. Àwọn méjèèjì rò pé àwọn mọ ohun tí màámi ì bá sọ.

Ẹ̀yin tí ìyá yín ṣì lè ráhùn, ẹ jẹ́ kó ráhùn. Bó bá sọ ọ̀rọ̀ kan lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, ẹ jẹ́ kó pé mọ́kànlá. Ẹ bá a jà bó bá di dandan, àmọ́ ẹ dá a lóhùn. Gbogbo àgbà ìlú pé jọ, wọn ò rí oògùn àbámọ̀, èmi náà ò sì ní rí i ní Ọsirélíà.

Lánàá, mo ti ilẹ̀kùn, mo jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn rẹ̀, mo di ọwọ́ òsì rẹ̀ mú, èyí tó ṣì ń mọ nǹkan lára.

"Màámi, ṣé kí n máa lọ?"

"Yẹ́s."

"Ṣé kí n dúró tì yín?"

"Yẹ́s."

Ohùn kan náà ni. Mo wá ìyàtọ̀ sí i, mi ò rí i.

"Ṣé ẹ ti dárí jì mí?"

"Yẹ́s."

Ẹni tó bá gbọ́n á dúró níbẹ̀. Èmi ò gbọ́n. Mo tún bi í, "Ṣé inú ṣì ń bí yín sí mi?"

Ó tẹjú mọ́ mi. Omi wà lójú rẹ̀, ìyẹn ni mo rí, ohun tó fà á ni mi ò lè sọ.

"Yẹ́s."

Mo bi í ní gbogbo ohun tí mo ní lọ́kàn, títí ilẹ̀ fi ṣú. Kò sí èyí tí kò dá mi lóhùn.